Ojú Ló Ní, Kò Ní Etí

Ẹ jókòó. Pákó yìí lè gba ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣáà má fẹsẹ̀ tẹ ibi tó ń ké nì, odò ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ mú ẹja, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Gbogbo Ìlàjẹ ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, láti etí odò Igbókòdá títí dé Ayétòrò. Ohun tí mo bá fi ojú mi rí ni mo máa ń sọ. Èyí tí n kò bá rí, mo máa ń sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni.

Ọ̀rọ̀ dúróònù tó já sódò níbi ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Ìbejì ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ lóríṣìíríṣìí. Àwọn kan ní ẹyẹ òkun ló já a bọ́. Àwọn kan ní orogún ìyá ọkọ ló ranjú mọ́ ọn. Irọ́ ni. Èmi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo dúró sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi, tí èmi sì ti ń rí gbogbo èèyàn.

Ọmọkùnrin onífídíò yẹn, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti pè é wá. Kámẹ́rà mẹ́ta ló gbé dání, kò sí èyí tó tóbi ju ìlàjì búrẹ́dì lọ nínú wọn. Nígbà tó ṣe, ó ṣí àpótí kan, ó yọ nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan jáde, àfi bí akàn. Ó gbé e kalẹ̀ lórí afárá pákó, ó tẹ nǹkan lọ́wọ́, akàn bá gbéra nílẹ̀, ó ń kùn bí agbọ́n. Àwọn ọmọdé pariwo, “Akàn òfuurufú!” Adìyẹ méjì bẹ́ sómi. Ọ̀kan nínú wọn, tèmi ni, kò sì tíì sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ owó rẹ̀ di bí a ṣe ń sọ yìí.

Bàbá Àgbà tó jókòó sí ìdí òpó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ti bá wọn fa wáyà kámẹ́rà rí n'Íbàdàn, kó tó padà wálé wá máa dẹ àwọ̀n. Ó ní, “Ọma mi, nígbà tiwa, èèyàn ló ń lọ kí kámẹ́rà nílé rẹ̀ bí ẹni ń lọ kí ọba. Lónìí, kámẹ́rà ló ń wá èèyàn kiri bí ẹni tí a jẹ lówó.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Mo wá rí i pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti kámẹ́rà jọ ń ṣe, àti pé ọ̀gá ni mo jẹ́ fún un. Gbogbo ohun tó ń kọ́ láti ọgọ́ta ọdún ó lé, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé mi níyàwó.

Àbí ta ló sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kọ́ ló bí tẹlifíṣàn nílẹ̀ wa? Ní 1953, gómìnà òyìnbó tó ń jẹ́ Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó fi ọ̀rọ̀ gún Awólọ́wọ̀ lójú gbogbo ayé. Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n ní kò sáyè. Ẹ gbọ́ irú ìyẹn rí? Ẹ sọ̀rọ̀ ẹni, ẹ tún di ẹni lẹ́nu! Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ fún mi ní agboolé yìí, màá lọ kọ́ agboolé tèmi. Ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ṣe nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, ilé tẹlifíṣàn WNTV gbéra n'Íbàdàn, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà.

Bàbá Àgbà ní kámẹ́rà sítúdíò ayé ìgbà yẹn, tó o bá rí i, wàá dọ̀bálẹ̀. Ó wúwo, orí ẹsẹ̀ onítáyà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì so wáyà mọ́ ọn nídìí bí okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ òpó. Òmíràn ní ojú mẹ́rin níwájú orí. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wo ọ̀kánkán, wọ́n á yí ojú kan síwájú. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wo nítòsí, wọ́n á yí òmíràn. Iná tí wọ́n ń tàn sí òṣèré lára tó ohun tí a lè fi yan ẹja. Ohun tó sì burú jù ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà ni ayé ń wò ó. Téèpù tí a lè fi ká a sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde l'Amẹ́ríkà ní 1956 ni, owó gọbọi ni. Bí òṣèré bá sín, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ló kí i kú ewu. Kò sí pé ká tún un ṣe.

Nítorí náà, kámẹ́rà dà bí ọkọ àfẹ́sọ́nà tó wá mọ àna rẹ̀. Pálọ̀ ló jókòó sí, iwájú ló kọjú sí, kò yà sí yàrá, kò yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn eléré orí ìtàgé ló ń wá síwájú rẹ̀ wá ṣeré bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbọ̀ngàn. Bode Wasinmi ti Dúró Ládiípọ̀, Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, ẹ rò ó wò: kóòtù! Adájọ́ jókòó, ẹlẹ́jọ́ dúró, kámẹ́rà kò níbì kan tó ń sáré lọ. Bàbá Sàlá ní tirẹ̀ mọ̀ pé àpótí tó wà ní pálọ̀ èèyàn kéré, dúdú àti funfun nìkan ló sì mọ̀. Ó so táì tó fẹ̀ ju àyà lọ, ó fi agogo ńlá kọ́rùn, ó wọ awò ojú tó tó àwo ọbẹ̀. Bí kámẹ́rà kò bá lè sún mọ́ ọ, ìwọ ni kó o tóbi títí yóò fi rí ọ. Mo mọ obìnrin kan tó ń wọ gèlè bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. N kò ní dárúkọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbi a jókòó sí.

Àwọ̀ dé. Jọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú un wọlé ní 1974. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ilé tẹlifíṣàn pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di NTA. Ìyẹn kò kan ẹja mi, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Èyí tó kàn mí ni ti ilé tó ní tẹlifíṣàn lábúlé wa. Ẹ má gbàgbé pé Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti ní iná mànàmáná tara wọn láti 1953. Àwa níbí, àtùpà là ń tàn, a kàn ń jowú wọn lókèèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣàn, Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì, òun náà ló ní jẹnẹrétọ̀. Orí ọparun ni wọ́n so eríà mọ́. Ọmọ kan á máa yí i, ọmọ kejì á dúró lẹ́nu fèrèsé, á máa kígbe, “Ó ti dá! Ó tún ti lọ!” Láwọn ọdún 1980 síwájú yẹn, Arélù ti Jímọ̀ Àlíù ni gbogbo wa ń wọ́ lọ wò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kámẹ́rà rọra ń sún mọ́ Fádèyí Olóró. A rí àyà rẹ̀, a rí ọrùn rẹ̀, nígbà tó yá, ojú nìkan ló kù nínú àpótí, ojú pípọ́n kuku! Ọmọ kan tó jókòó níwájú fò sẹ́yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà fò, pákó kan sì já. Èèyàn mẹ́rin ló wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn láìbọ́ṣọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kámẹ́rà ti ń dàgbà. Ó ti kúrò ní pálọ̀, ó ti ń sún mọ́ èèyàn. Èmi ti mọ ìyẹn tipẹ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó ilé kan ti fẹ́ra kù, ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo ń wò, ibi kòtò ọrùn rẹ̀ ni, ibẹ̀ kì í purọ́.

Kí n tó padà sórí akàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n ya sídìí sinimá díẹ̀. Ẹ rí i, sinimá yàtọ̀ sí tẹlifíṣàn. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, Ògúndé gbé Aiyé jáde ní nǹkan bí 1980, fíìmù gidi ni, èyí tí wọ́n ń fi omi oògùn fọ̀ kí àwòrán tó yọ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀. Ẹ ya àwòrán n'Íjẹ̀bú, ẹ dúró kí Lọ́ńdọ̀nù tó sọ fún yín bóyá ó mú. Bí àjẹ́ ṣe ń pòórá nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìyá mi sọ títí tó fi kú pé ògidì ni. Bàbá Àgbà ní kò sí ògidì kankan níbẹ̀: wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn dúró gbagidi, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, ẹni tí yóò pòórá á rọra rìn lọ mu omi, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Ó ní òyìnbó Faransé kan tó ń jẹ́ Méliès ló sọ pé òun ṣèèṣì rí ọgbọ́n náà ní Párísì ní 1896, nígbà tí kámẹ́rà há mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín títì: nígbà tó máa tún ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ti di ọkọ̀ òkú. Mo bi Bàbá Àgbà pé ta ló wá há a mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fèsì.

Bàbá Sàlá náà wọ gbèsè, ó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè dà á sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri ìgboro, owó baba wọlẹ̀. Nígbà tó wá di 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí iyọ̀ nínú òjò, ta ló tún lè ra fíìmù? Ta ló lè gbé e lọ Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ wá wo ọgbọ́n orí: kásẹ́ẹ̀tì tó pa Bàbá Sàlá lówó ni gbogbo èèyàn sá lọ bá. Kenneth Nnebue, ọmọ Ìbò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, fídíò Yorùbá ló kọ́kọ́ gbé jáde, Ajé Ni Ìyá Mi, kó tó ṣe Living in Bondage lédè tirẹ̀ ní 1992, tí ayé wá ń pariwo.

Yéè, ìgbà kásẹ́ẹ̀tì! Kámẹ́rà wá di ohun tí èèyàn ń gbé léjìká. Ó kúrò lórí ẹsẹ̀ onítáyà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ojú èèyàn, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Ìyàwó gbọ́ pé ọkọ òun ní obìnrin níta: ojú rẹ̀, jẹ́ẹ̀n! Ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ẹ̀n! Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ lè rí i dájú pé kò tíì kú. Bí ọ̀gá bá fẹ́ jáde nílé, kámẹ́rà á sìn ín sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sìn ín dédìí mọ́tò, á dúró kí mẹgáàdì ṣí géètì. Mo máa ń dìde lọ ro púpurú nígbà yẹn. Bí mo bá padà dé, ọ̀gá ò tíì dé ojú títì.

Ìgbà yẹn náà ni mo ṣe ìgbéyàwó, 1994. Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbé wa: ọ̀kan gbé ìyàwó, ọ̀kan gbé onílù, ọ̀kan gbé jẹnẹrétọ̀ onífídíò. Ọmọ kan gbé iná lérí, wáyà ń wọ́ tẹ̀lé e nínú omi, àfi Ọlọ́run ló kó wa yọ. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, wákàtí méjì gbáko, mo wá ara mi títí. Onífídíò ọ̀hún, ẹni tó bá ń náwó ló ń wò! Ó ya ọwọ́, ó ya náírà, ó ya iwájú orí àwọn tí a ń lẹ owó mọ́. Èmi ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yọ: lójú pẹpẹ, nídìí àkàrà òyìnbó, àti níbi tí wọ́n ti fi ojú èmi àti ọkọ mi sínú òdòdó kan tó ń yí. Títí dòní, bí inú bá bí mi sí ọkọ mi, òdòdó yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí n má purọ́, gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Túndé Kèlání, kámẹ́rà ló fi jẹun ní WNTV kó tó lọ kọ́ṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, fídíò náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i kó máa sáré. Nígbà tó di Ṣaworoidẹ ní 1999, ẹ ó rí ìlù, ẹ ó rí ọwọ́ tó ń lù ú, ẹ ó rí ojú ẹni tó gbọ́ ohun tí ìlù sọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Olófòófó tó gbọ́n kì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sọ díẹ̀, ó ń wo ojú yín.

Lẹ́yìn 2008 tí Canon gbé kámẹ́rà fọ́tò kan jáde tó tún ń ya fídíò dáadáa, ayé tún yí. Ojú èèyàn á mọ́ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú bàìbàì bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí odò. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yìn tí wọ́n sọ di bàìbàì yẹn gan-an ni mo máa ń fẹ́ wò! Ta ló dúró níbẹ̀? Ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀? Kúnlé Afọláyan wá sí ìpínlẹ̀ wa, ó ya October 1 n'Ílárá-Mọ̀kín, fíìmù náà jáde ní 2014. Ìyẹn ò di gbogbo nǹkan mọ́ wa lójú, ẹ ó rí oko, ẹ ó rí òkè. Wọn ò ṣáà tíì rántí odò.

Ohun tó wá fẹ́ gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi ni ilé Big Brother orí tẹlifíṣàn yẹn. Ti Nàìjíríà kọ́kọ́ wáyé ní 2006, ó tún padà dé ní 2017, South Africa sì ni ilé náà wà lọ́dún náà. Kámẹ́rà lára ògiri, kámẹ́rà nílé ìdáná, kámẹ́rà lókè ibùsùn, tọ̀sán tòru. Kò sí ẹni tó dì í mú. Àwọn èèyàn ń san owó wò ó! Èmi tí mo ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí, àpọ́nlé tí mo rí kò ju kí wọ́n máa tilẹ̀kùn bí mo bá ti ń bọ̀.

Àwọn ọmọ orí fóònù ló wá parí ẹ̀. Òòró ni wọ́n ń gbé àwòrán tiwọn. Ọmọ kan ṣoṣo á wé gèlè, ó di ìyá. Á wọ fìlà, ó di bàbá. Á bọ́ méjèèjì, ó di ọmọ tí wọ́n ń nà. Kí ẹ tó mí, ó ti tán. Mo rò pé gbogbo ayé ti gba ibẹ̀ lọ, àfi ìgbà tí ọmọ àbúrò mi fi Mami Wata hàn mí lórí fóònù. C.J. Obasi ló ṣe é, àwọn abúlé etí òkun ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún ni wọ́n ti yà á. Dúdú àti funfun! Àwọ̀ ti kún ọjà, wọ́n padà sí ti 1959. Obìnrin ará Bràsíìlì kan, Lílis Soares, ló ya àwòrán rẹ̀, Sundance l'Amẹ́ríkà sì fún un ní ẹ̀bùn nítorí àwòrán yẹn ní 2023. Omi inú ẹ̀ ń dán bí ara ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè. Bàbá Àgbà wò ó tán, ó dákẹ́. Ó ní bóyá àwọn kò tíì mọ dúdú àti funfun lò nígbà tí kò sí òmíràn.

Dúróònù ńkọ́? Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn oníròyìn ti gbé irú akàn yẹn wá sí Ayétòrò rí, láti yà bí òkun ṣe ń gbé ìlú wọn mì. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà. Àwa tí a wà nílẹ̀ mọ̀ pé omi ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la ti tú ilé wa sẹ́yìn. Òkè ni a ti wá rí ibi tó ti dé. Òpó wà nínú omi tí kò sí ilé lórí rẹ̀ mọ́. Mo ń fi ìka wá ọ̀nà tí ìyá mi máa ń gbà lọ tajà, gbogbo rẹ̀ funfun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ mú ẹja sí i.

Ohun tó já akàn náà sódò nìyí. Atẹ́gùn òkun dé lójijì ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó gbé e yà kúrò lórí ìyàwó. Ọmọkùnrin onífídíò ì bá rí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lókè. Ara ọ̀rẹ́ ìyàwó kan tó wọ aṣọ àlùkò ni ojú rẹ̀ wà. Akàn ń ké, ó ń ké, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bá odò lọ. Lọ́jọ́ kẹta, apẹja kan fà á sókè nínú àwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀pìyà mẹ́fà. Ọmọkùnrin náà ń sunkún, ó ní bóyá bí ó bá gbẹ. Mo ní kó gbé e wá. Mo tẹ́ ẹ sórí irin tí mo fi ń yan ẹja, mo fi iná díẹ̀díẹ̀ sí i. Ó gbẹ. Kò fò mọ́, ṣùgbọ́n ó gbẹ.

Àṣé káàdì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí omi ò pa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣàn nílé Ìyá Ìbejì, gbogbo agboolé pé. A rí ìyàwó láti òkè, ó dára bí òdòdó. Atẹ́gùn dé, àwòrán yí, ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó gba orí òrùlé kọjá, ó wá dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ta ni mo rí? Èmi ni! Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọwọ́ kan bo ẹnu, mo ń fi ọwọ́ kejì nàka tààrà sí ìyá ọkọ.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá ọkọ rọra yíjú sí mi. Ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́ja, kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn?”

Mo wo ọmọkùnrin onífídíò. Ó ní dúróònù kì í gba ohùn, ma, àwòrán nìkan ló ń yà.

Mo ní, “Gèlè yín ni mo ń yìn, ma.”